Ìlà Tó Kẹ́yìn Nìkan Ni Tiwa

Wọ́n ní kí n wá sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣì ń wò ó bóyá iṣẹ́ ọwọ́ lẹ máa kọ́ tàbí ti ọ́fíìsì. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná, torí inú ń bí mi, bí mi ò bá sì tíì bínú tán, ìtàn yòówù tí mo bá sọ á korò ni.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ìwé ìmọ̀ kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ̀ ọ́n, ṣebí òun lẹ máa ń dà kọ tí tíṣà bá fún yín níṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan sí i, ẹnikẹ́ni ló sì lè pa ohun tí ẹlòmíì kọ rẹ́. Ìwé tí gbogbo ayé ń kọ, tí kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ sí i pé ó parí! Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi tẹ̀wé ní Bajuláyé, ní Ṣómólú níbí, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Ìwé yẹn ló bá mi jà lórí ọ̀gá mi. Kẹ́ ẹ tó lè mọ ìdí tí mo fi ń fapá jánú báyìí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀gá mi ọ̀hún.

Músílíù lorúkọ mi, Ẹ̀gbá ni mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló mú mi wá sí Èkó nígbà tí àwọn sọ́jà ṣì ń gbàjọba lọ́wọ́ ara wọn. Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Bajuláyé tí wọ́n kọ "Ilé Ìtẹ̀wé Àjàní" sára pátákó rẹ̀. Mo rò pé ọkùnrin ni màá bá níbẹ̀. Obìnrin ni mo bá, ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, òjé ti sọ orí ìka rẹ̀ di dúdú. Ó ní, "Ṣé o mọ̀wé kà?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Ó gbé àwo irin kan tí wọ́n ti to lẹ́tà òjé kún inú rẹ̀ sí iwájú mi, gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kọ ẹ̀yìn síwájú. Ó ní kí n kà á. Mo wò ó títí, mi ò rí nǹkan kan kà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ló bá sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé, "Fi sílẹ̀ fún mi. Àwọn tó wá ṣáájú rẹ̀ ní àwọn rí i kà, irọ́ ni wọ́n ń pa."

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ nìyẹn. Ti owó, ẹ má bi mí. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mí, mo ń jẹ, mo ń sùn.

Màmá Àjàní ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Àṣàbí sì ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Onítẹ̀bọmi ni. Ilé ìtẹ̀wé ìjọ kan ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó lọ́kọ, kó tó bá ọkọ wá sí Èkó. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Àjàní, akọ̀wé ìjọba ni, èèyàn jẹ́jẹ́, èèyàn dáadáa. Kò mọ nǹkan kan nípa ìwé títẹ̀. Tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù, ńṣe ló máa ń di agbádá rẹ̀ mú kó má baà kan tàdáwà. Torí pé onílé ò fẹ́ háyà ṣọ́ọ̀bù fún obìnrin nígbà náà ni orúkọ rẹ̀ ṣe wà lára pátákó. Kò sí ìdí mìíràn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ máa ń sọ pé ọ̀gá yín le. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Lẹ́tà òjé kéékèèké là ń tò nígbà náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní ihò tirẹ̀ nínú àpótí pẹrẹsẹ kan. Tí a bá tẹ̀wé tán, a ó tú wọn, a ó dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí ihò rẹ̀. Tí Màmá bá nawọ́ sí ihò kan, tó fa lẹ́tà tí kì í ṣe ti ibẹ̀ yọ, kò ní sọ̀rọ̀. Á gbé odindi àpótí náà dà sílẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìwọ lo máa kúnlẹ̀ ṣà á. Lọ́jọ́ kan tí orúnkún mi ti fẹ́ bó, mo ní, "Màmá, lẹ́tà kan péré mà ni mo ṣì gbé." Kò tilẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Músí, ṣé ó dìgbà tí irọ́ bá pọ̀ kó tó jẹ́ irọ́ ni?"

Ó ní òfin, òfin rẹ̀ sì ṣòro ju ìyà lọ. Oníbàárà kan gbé iṣẹ́ wá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gun kẹ̀kẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Mo rẹ́rìn-ín, mo fo ìlà yẹn nígbà tí mo ń to lẹ́tà. Màmá rí i. Ìgbátí tó fún mi lọ́jọ́ náà, etí mi hó títí ilẹ̀ fi ṣú. "Ta ló bi ẹ́? Ṣé ìwọ lo ni bàbá ni? Ọwọ́ ni wá, a kì í ṣe ẹnu. Ohun tí wọ́n bá gbé wá la ó tẹ̀."

Ó tún ní òfin ti ìfọwọ́sí. Kò sí iṣẹ́ tí a máa tẹ̀ tán láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan fún oníbàárà kó kà á, kó fọwọ́ sí i. Tó bá ti fọwọ́ sí i, ó parí. Bàbá ìyàwó kan fọwọ́ sí ìwé ìpè ìgbéyàwó tí déètì rẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tó padà wá, ó ń pariwo, ó ń ṣépè, Màmá kàn na ẹyọ tó fọwọ́ sí yẹn sí i. Ó ní, "Bàbá ìyàwó, ọwọ́ ta nìyí?" Ọkùnrin náà wò ó, ó tún un wò, ó ká a, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Èyí tó wá kẹ́yìn nínú àwọn òfin náà ni mo fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn ìwé gbogbo, nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà tíńtín kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń sọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Oníbàárà kì í sọ ohun tí a máa kọ síbẹ̀, kì í sì í fọwọ́ sí i. Màmá máa ń sọ pé, "Gbogbo ojú ewé, tiwọn ni. Ìlà tó kẹ́yìn nìkan ni tiwa." Ohun tí òun sì máa ń kọ síbẹ̀ ni: *Àṣàbí ló tẹ̀ ẹ́, ní Bajuláyé.* Ṣé ẹ rí i? Àjàní lára pátákó, Àṣàbí lẹ́yìn ìwé. Ẹyọ kan lára gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe rí ló kó jọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó tò wọ́n jọ dé àjà.

Kò pẹ́ tí mo gba òmìnira ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí mo dúró bá a ṣiṣẹ́, tí àwọn sọ́jà ní àwọn fẹ́ gbéjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Háà, ẹ ò bá rí Ṣómólú nígbà ìbò yẹn! Pósítà ni lọ́tùn-ún, pósítà ni lósì. Àwọn tó ń bá ara wọn du ipò, ẹ̀gbẹ́ ara wọn la máa ń to àwòrán wọn sí kó gbẹ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín síra wọn. A ò ráyè jẹun. Ọ̀sán gangan ni iná mànàmáná dé lọ́jọ́ náà. Ìjọba ti mú un lọ láti òwúrọ̀, nígbà tí wọ́n máa dá a padà, ó bá agbára wá. Wáyà orí ògiri ta pàà, ó tan sára àkísà tí a fi ń nu ẹ̀rọ, epo sì ti mu àkísà náà yó. Kí n tó pe "Màmá!" tán, pósítà ti ń jó.

A sá jáde, kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Màmá fẹ́ padà wọlé. Èmi ni mo dì í mú. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń wò, yàrá ẹ̀yìn ló ń wò. "Músí, àwọn ìwé mi! Jẹ́ n lọ kó àwọn ìwé mi!" Ó bù mí jẹ lápá, mi ò fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, aládùúgbò kan dé, ó ní kó gba kámú, pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Màmá wò ó bí ẹni tó bú òun. Ó ní, "Ṣé èmi lọba? Ṣé ẹwà lẹ rí nílẹ̀ yẹn?"

Gbogbo ìlà tó kẹ́yìn tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló jóná lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ ó ní àwọn oníbàárà á ní tiwọn nílé. Mo ti wá a o! Ta ló ń tọ́jú ìwé ìpè ìgbéyàwó? Wọ́n ti fi wé ẹ̀pà tipẹ́.

Níbi tí Bàbá Àjàní ti ṣe ọkọ nìyí. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní, tó ń fojú sọ́nà láti kọ́lé sí tó bá fẹ̀yìn tì, ó tà á. Ó fi ra ẹ̀rọ ìgbàlódé fún ìyàwó rẹ̀, èyí tó ń lo pléètì irin pẹlẹbẹ, tí kò ní lẹ́tà òjé nínú mọ́. Kò sọ̀rọ̀ ńlá kankan, ó kàn ní, "Ìyá Ṣadé, dìde, máa ṣiṣẹ́ ẹ." Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti yí ìlà tó kẹ́yìn padà. *Ilé Ìtẹ̀wé Àjàní ló tẹ̀ ẹ́*, bó ṣe di nìyẹn. Ó ní ó tọ́ sí ọkọ òun.

Ilé tí Bàbá ò rí kọ́ mọ́, kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi kú. Nígbà tó kú, Màmá fúnra rẹ̀ ló pe ọ̀rọ̀ ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ fún mi, èmi mo jókòó sídìí kọ̀mpútà, torí kọ̀mpútà ti dé nígbà náà. Ó ní kí n kọ ọ́ pé: "Olóògbé ló dá Ilé Ìtẹ̀wé Àjàní sílẹ̀, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé Ṣómólú níṣẹ́." Mo gbọ́wọ́ kúrò. Mo ní, "Màmá, Bàbá kọ́ ta níṣẹ́?" Ó ní, "Àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ láti ìlú. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ilẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Ṣé kí n wá kọ ọ́ fún wọn pé ìyàwó ló ń bọ́ ọ? Ọwọ́ ni wá, Músí. Tẹ̀ ẹ́." Mo tẹ̀ ẹ́. Ó fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fo ọdún díẹ̀. Kọ̀mpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ atòlẹ́tà, ẹ̀rọ tuntun tí ò fẹ́ pléètì rárá tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́rọ. Ẹni tó kọ́ ọdún gbọọrọ àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá, bọ́tìnnì kan náà ni wọ́n ń tẹ̀. Màmá ti darúgbó, ó ti jókòó sílé. Ojú èmi náà ò gbé e mọ́, mo fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi ra fóònù ńlá kan fún mi. Orí fóònù yẹn ni mo ti bá ìwé ìmọ̀ tí mo ń wí pàdé.

Níbẹ̀rẹ̀, inú mi dùn. Mo rí i pé ní Yorùbá pàápàá, èèyàn lè kọ ohun tó mọ̀. Mo kọ bí a ṣe ń to lẹ́tà òjé, mo kọ bí a ṣe ń po tàdáwà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá bá a pé ẹnì kan ti yọ ìdajì rẹ̀ dànù. "Kò sí orísun," ló máa kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé mi ò tọ́ka sí ìwé tí mo ti rí i. Orúkọ tí ẹni náà ń jẹ́ níbẹ̀ ni Olùtọ́jú. Mo ní kò burú, ó dà bíi pé kò níṣẹ́ ṣe.

Ìgbà tó yá ni mo rí ojú ewé tí wọ́n kọ nípa àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú. Àárín rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí: Olóògbé Àjàní ló dá Ilé Ìtẹ̀wé Àjàní sílẹ̀, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé níṣẹ́. Nọ́ńbà kékeré kan wà lórí ọ̀rọ̀ náà, tó ń tọ́ka sí orísun. Mo tẹ nọ́ńbà yẹn. Ẹ gbọ́ o! Àwòrán ìwé ètò ìsìnkú Bàbá Àjàní ló yọ. Ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀!

Mo mú fóònù lọ bá Màmá nílé. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó tún un kà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ṣé bó ṣe máa wà nìyí?"

Mo ní, "Màmá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ìwé ìsìnkú ni mo ní kó o tẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá síbi òkú ló mọ̀ pé iyì là ń bù fún òkú. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n á gbé e lọ síbi tí àwọn tí ò mọ̀ wá ti máa kà á." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Músí, ohun méjì ni mo ṣe láyé. Mo bímọ, mo sì ṣiṣẹ́ yẹn. Àwọn ọmọ ń jẹ́ orúkọ bàbá wọn. Iṣẹ́ ló kù."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Mo padà délé, mo yọ orúkọ Bàbá, mo fi ti Màmá síbẹ̀. Kí n tó mu tíì tán, Olùtọ́jú ti dá a padà. Mo tún un ṣe. Ó tún un dá padà. Ó kọ ọ́ sí ibi ìjíròrò pé, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni orísun yín?"

Mo ní, "Èmi gan-an ni orísun! Ojú mi ló ṣe."

Ó ní, "A kì í gba ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí. Èyí tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde níbòmíràn là ń gbà."

"Èmi ni mo tẹ èyí tí o gbà yẹn jáde! Mo sì ń sọ fún ẹ pé kì í ṣe òótọ́!"

"Ẹ lè jẹ́ ẹnikẹ́ni, sà. A ò mọ̀ yín."

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo ní ṣé ó fẹ́ orísun ni, kó fún mi di ọjọ́ Ẹtì, màá tẹ odindi ìwé nípa Màmá fún un, màá fi páálí tó nípọn ṣe èèpo rẹ̀. Ó ní ìwé tí mo bá tẹ̀ nítorí àríyànjiyàn, àwọn ò lè gbà á. Kàkà kéwé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i. Mo wá kọ ọ́ fún un pé, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, tó o jókòó sí ìlú òyìnbó tó ò ń kọ́ mi ní ìtàn ilé mi, ọ̀lẹ ni ẹ́, òpònú ni ẹ́. Wá sí Bajuláyé kó o fojú ara ẹ rí i."

Èsì tó fún mi ni pé, "Bàbá, obìnrin ni mí. Pedro ni mò ń gbé."

Pedro! Ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé kí n má tíì làágùn! Kí n tó rí ọ̀rọ̀ kọ, ọ̀gá wọn kan ti dí ọ̀nà mọ́ mi níbẹ̀ nítorí èébú tí mo bú, ó ní kí n lọ fi ọ̀sẹ̀ kan rọra. Èmi, bí mo ṣe dàgbà tó yìí, wọ́n ní kí n lọ rọra bí ọmọ iléèwé tó jà!

Obìnrin náà ló wá mi wá. Bùkọ́lá lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni níléèwé gíga kan, ó ti tó ẹni ogójì ọdún. Ó kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ti pèsè ìjà sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo gbà yín gbọ́ o. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbà á lẹ́nu yín, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọ̀gbẹ́ni tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní bàbá bàbá òun ló gbẹ́ ọ̀sà?"

Mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Inú sì tún bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Mo mú un lọ bá Màmá. Mo fọkàn sí i pé Màmá á fi ọ̀rọ̀ gún un bí ó ṣe máa ń gún wa. Màmá bi í pé, "Èló ni wọ́n ń san fún ẹ?" Ó ní, "Wọn ò san nǹkan kan, Mà." "Kí ló wá dé tó o fi ń ṣe é?" Bùkọ́lá ní, "Kí irọ́ má baà pọ̀ níbẹ̀ ni, Mà." Ni Màmá bá kọjú sí mi, ó ní, "Músí, èyí ì bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi." Ẹ gbọ́! Èmi tí mo ń jà fún un! Wọ́n jókòó, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ òfin, wọ́n ń mi orí síra wọn, èmi wá dà bí àlejò.

Kí ó tó lọ, Bùkọ́lá ní ọ̀nà kan wà. Kí akọ̀ròyìn kan wá fọ̀rọ̀ wá Màmá lẹ́nu wò. Tó bá ti jáde nínú ìwé ìròyìn, òun fúnra òun lòun máa fi orúkọ Màmá sí ojú ewé yẹn. Mo wá akọ̀ròyìn. Mo rí ọ̀kan. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Màmá wọ aṣọ rẹ̀ tó dáa, ó jókòó, ó ń retí. Kò wá. Ó tún ní Ẹtì tó ń bọ̀. Màmá tún wọṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò dé, lẹ́yìn òjò, ìbò dé, ó ní olóṣèlú lọ̀gá òun rán òun lọ bá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí pé Màmá ò dìde.

Ṣadé, àkọ́bí rẹ̀, ti òkè òkun dé. Ó ní Màmá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé èmi ni kí n tẹ ìwé ìsìnkú òun. Ó fi ọ̀rọ̀ tí a máa tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo kà á. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Màmá jẹ́ aya rere, ẹni tó ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ilé ìtẹ̀wé tí ọkọ dá sílẹ̀."

Mo pè é. "Ṣadé, ta ló sọ èyí fún ẹ?"

"Bọ̀ọ̀dá Músí, Màmá náà máa ń sọ pé ti Dádì ni. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí n má baà ṣì í kọ. Ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú orísun."

Mo figbe ta. Orísun! Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi gbẹ. Ṣadé sunkún. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí Àjàní ti kà á, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá Músí, ẹ má jẹ́ ká dá ìjà sílẹ̀ lórí òkú Màmá."

Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Òfin Màmá. Ohun tí wọ́n bá gbé wá la ó tẹ̀. Òfin Màmá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tẹ̀wé rí! Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí jẹ́ kí n jókòó sídìí kọ̀mpútà fúnra mi. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i, mi ò yọ ohun kan, mi ò fi ohun kan kún un. Omi ń bọ́ lójú mi, mo ń bínú sí òkú, mo ń bínú sí alààyè. Títí mo fi dé ẹ̀yìn ìwé, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí oníbàárà kì í fọwọ́ sí.

Mo kọ ọ́ síbẹ̀: *Músílíù ló tẹ̀ ẹ́, ní Bajuláyé. Àṣàbí, tí a ń sin lónìí, ló dá ilé ìtẹ̀wé yìí sílẹ̀, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́.*

Bùkọ́lá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fún un ní ìwé, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí sí. Màmá ló kọ́ ọ ní ìyẹn nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lọ́jọ́sí. Nígbà tí ìsìn parí, ó wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé nítorí àríyànjiyàn wa lẹ ṣe kọ ọ́?"

Mo ní, "Nítorí òkú ni. Bí a sì ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

Ó wò mí títí, ó ki ìwé náà bọ àpò rẹ̀.

Ẹ lọ wò ó lórí fóònù yín. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni pé ìwé kan sọ pé Olóògbé Àjàní ló dá ilé ìtẹ̀wé náà sílẹ̀, ìwé mìíràn sì sọ pé ìyàwó rẹ̀, Àṣàbí, ni. Nọ́ńbà kékeré wà lórí èkíní, nọ́ńbà kékeré wà lórí èkejì. Orísun méjì tí kò gbára lé ara wọn, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọwọ́ mi kan náà yìí ló tẹ méjèèjì! Ìgbà tí mo fi ẹnu sọ ọ́, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí. Ìgbà tí Màmá jókòó nínú aṣọ rẹ̀ tó dáa, kò sẹ́ni tó wá.

Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ, ẹ lọ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ẹnì kan ò sọ fún yín. Màmá ti sọ fún mi lọ́jọ́ tó gbá mi létí: ọwọ́ ni wá, a kì í ṣe ẹnu.